Ìdí Tí N Kò Fi Bá Ọ Kọ Nóòtù Rẹ

Àníkẹ́ mi, ọmọ Láwàlì káfíńtà tó di tíṣà,

Bí o bá rí bí lẹ́tà yìí ṣe nípọn tó, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ìyá rẹ wà nítòsí mi níbí, ó ń fi ẹnu bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n kí ọ dáadáa, ó sì ní kí n má kọ ọ́ gùn jù. Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọdún méjì, kò lè kúrú.

Mo mọ̀ pé fóònù wà. Ṣùgbọ́n orí fóònù náà la ti sọ ọ̀rọ̀ tó dun ara wa nígbà kan, nítorí náà mo fẹ́ fi bíírò sọ tèmi báyìí, kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì kí o tó fèsì.

Nígbà tí o pè mí ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá pé o ti yege, pé ìwé àṣẹ olùkọ́ rẹ ti jáde, mo ń fi ayùn rẹ́ pákó lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo ju ayùn sílẹ̀. Alíhámúdù lílááhì! Mo jókòó sórí pákó náà, ìwọ sì ń pariwo pé, "Dádì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ọkàn mi ló fẹ́ kọ́kọ́ sinmi. Láti ọjọ́ tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn ló ti wà lókè, ọjọ́ náà ló tó wálẹ̀.

O wá ní ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ yín ní Ẹ̀pẹ́ ti fa olùkọ́ tuntun mẹ́ta lé ọ lọ́wọ́. O ní ẹ̀bùrú ni wọ́n gbà wọ iṣẹ́ bí ìwọ náà ṣe gbà á: wọ́n ti kàwé gboyè nínú nǹkan mìíràn, wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì àkànṣe, ti àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ àti ìgbà ọlidé kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó lè gba ìwé àṣẹ. Ìwọ ni wàá máa tọ́ wọn sọ́nà títí alábẹ̀wò á fi wá dán wọn wò. Mo ní o kú oríire. O bi mí pé, "Dádì, kí ni kí n máa ṣe fún wọn?" Kí n tó la ẹnu, o ní, "Àbí kí n kàn máa wò wọ́n níran bí ẹ ṣe wò mí níran?"

O rẹ́rìn-ín sí i, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni mí, mo mọ ẹ̀rín tó ti inú rẹ wá àti èyí tí kò ti inú rẹ wá.

Jẹ́ ká pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tí o ti ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà ní Ìkòròdú níbí ti ilẹ̀kùn wọn, tí o sì rí iṣẹ́ tíṣà ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sọ fún ọ pé ọdún méjì lo ní. Bí o kò bá yege láàárín ọdún méjì, iṣẹ́ bọ́. O kó ìwé wá bá mi ní Sátidé kan. O ní, "Dádì, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ nóòtù oṣù yìí, kí ẹ sì wá jókòó sí kíláàsì mi lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò bá ń bọ̀." Mo ní rárá. O ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. O ní, "Dádì, ẹ wà lọ́jà, orí mi ń wọ́." Mo tún ní rárá. O gbé báàgì rẹ, o sì lọ. Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ wa tún burú sí i. Iléyá dé, o kò wálé. Ìyá rẹ dín ẹran tìrẹ pamọ́, ó ń gbé e kaná lójoojúmọ́ títí tí mo fi bẹ̀ ẹ́ kó fún aládùúgbò.

N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ náà. Lónìí mo fẹ́ sọ ọ́, mo sì fẹ́ dá ọ lóhùn nípa àwọn olùkọ́ mẹ́ta rẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì.

O mọ̀ pé káfíńtà ni mí nígbà tí mo ti Ìsẹ́yìn dé Ìkòròdú, ṣùgbọ́n n kò rò pé mo ti sọ bí mo ṣe wọ kíláàsì fún ọ rí. Àga ni mo wá tún ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà nítòsí ibi tí mo háyà nígbà náà, wọ́n ní yàrá méjì lẹ́yìn fún àwọn ọmọ tó jẹ́ adití àti àwọn tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé. Àga wọn kì í lálòpẹ́. Ọ̀gá wọn, obìnrin gígùn kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Gíga, ní kí n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ á yí mi ká. Èyí á di òòlù mú, tọ̀hún á máa fi bébà ìdángi họ ẹsẹ̀ tábìlì. Lọ́jọ́ kan Màmá Gíga dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wá títí, ó ní, "Láwàlì, ìwọ ni tíṣà wọn, o kàn ò tíì mọ̀ ni." Bí eré bí eré, mo di olùkọ́. Mo ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ láàárọ̀, mo sì ń lo ọlidé fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹ̀bùrú lo gbà wọlé, sọ fún un pé ogún bàbá rẹ ni.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kàmọ́rù. Bó bá ti jókòó báyìí, á máa mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, títí ẹsẹ̀ àga á fi yẹ̀. Mo tún àga rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù kan, inú wá bí mi. Ọgbọ́n wo ni káfíńtà tún ní? Mo wá pákó ńlá kan tí ọkùnrin méjì kò lè dá gbé, mo kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àga náà mọ́ ọn pẹ̀lú ìṣó gígùn. Mo yin ara mi títí mo fi délé. Lọ́jọ́ kejì Kàmọ́rù jókòó, ó fẹ́ mì, àga kọ̀. Ó tún gbìyànjú, àga kọ̀. Ọmọ náà figbe ta débi pé àwọn olùkọ́ tó wà ní ilé ńlá iwájú sáré wá wò ó. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò wọ kíláàsì mọ́. Abẹ́ máńgòrò níta ló ń jókòó sí.

Màmá Gíga kò bú mi. Ó ní, "Láwàlì, wá jókòó sórí àga yìí. Má dìde títí wọ́n á fi lu agogo ọ̀sán. Má sì mira o." Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ìdí ti ń ta mí. Mo wolẹ̀, mo rí i pé mo ti ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀, gbá, gbá, gbá, èmi àgbàlagbà. Obìnrin náà ń wò mí láti ibi tábìlì rẹ̀. Mo dìde, mo tú ìṣó mi. Mo gbẹ́ igi méjì tó tẹ̀ bí ọrun, mo kàn wọ́n sábẹ́ àga náà kó lè máa mì láìkán. Kàmọ́rù wọlé, ó jókòó, ó mì dáadáa, ó sì kọ A àti B sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èkíní nìyẹn, Àníkẹ́. Àwọn olùkọ́ tuntun rẹ máa fẹ́ kan àga mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti ibòmíràn wá máa ń mú irinṣẹ́ ibẹ̀ dání. O ní ọ̀kan nínú wọn ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí: ó máa fẹ́ kí àwọn ọmọ tò lórí ìlà bí oníbàárà. O ní ìkejì ń ránṣọ, ìkẹta ń sin ẹja. Má fi iṣẹ́ àtijọ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ti tú aṣọ tó rán lódì tó sì tún un rán mọ sùúrù ju ìwọ àti èmi lọ. Jẹ́ kí wọ́n ṣàṣìṣe, bí kò bá ti ní pa ọmọ lára. Lẹ́yìn náà, wá àga tí wọ́n lè jókòó lé, kí wọ́n fi ìdí ara wọn mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fi ìdí mọ̀ lọ́jọ́ náà kò kúrò lára mi títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Èkejì. Má jẹ́ kí wọ́n kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa ọmọ tí wọn kò tíì dé ilé rẹ̀. Mo ti ń kọ́ni fún ọdún díẹ̀ nígbà tí mo ṣe àṣìṣe yìí, nítorí náà n kò lè fi àìmọ̀ bojú. Ọmọbìnrin kan ń ti Ìjẹ̀dẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Mo fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ àti okùn pé kó sín in, ó dà á nù. Mo tún fún un, ó tún dà á nù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde rẹ̀ pé ọwọ́ ọmọ yìí kò gbọ́ràn. Bàbá rẹ̀ apẹja ni, kò mọ̀wé, ó ní kí ẹnìkan kà á fún òun létí omi, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́.

Mo lọ sí Ìjẹ̀dẹ́. Mo bá Ìbídùn lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó tẹ́ àwọ̀n sí itan, ó ń dí ibi tó ti ya. Ìka rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Bàbá rẹ̀ kò dáhùn ìkíni mi. Ó kàn ní, "Tíṣà, ẹ wo ọwọ́ tí ò gbọ́ràn."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin náà nínú iyanrìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní kí n dìde, ṣùgbọ́n ó gbé omi fún mi mu, ọmọ náà sì padà wá lọ́jọ́ Ajé. Àwọ̀n la fi kọ́ ọ ní ìṣirò. Nítorí náà, bá àwọn olùkọ́ rẹ lọ sílé ọmọ àkọ́kọ́. Kọ́ wọn pé kí wọ́n kí àgbà ilé kí wọ́n tó dárúkọ ọmọ, kí wọ́n mu omi tí wọ́n bá gbé fún wọn, kí wọ́n sì bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ ń ṣe tó ń ya ará ilé lẹ́nu. Ilé kejì, kí wọ́n dá lọ.

Ẹ̀kẹta ni mo ti ń sá fún látàárọ̀. Ìyá rẹ ti gbé tíì wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ṣé ẹ ti débẹ̀?" Mo ní rárá.

Nígbà tí Màmá Gíga fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí kíláàsì àkànṣe. Wọ́n wá gbé olùkọ́ tuntun kan wá fún mi, Bọ́lá, ọmọbìnrin tó kàwé jáde nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti odò, tó ń gba ẹ̀bùrú bíi tiwa. Ọmọ dáadáa ni. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ, ó sì tètè gbọ́ èdè ọwọ́ tí à ń bá àwọn adití sọ. Mo ní lójú tèmi, ọmọ yìí kò ní jìyà bí mo ṣe jìyà. Nóòtù rẹ̀, èmi ni mo ń kọ ọ́. Ètò tí à ń ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo ń ṣe é. Bí ọmọ bá ń dà á láàmú, kó tó ronú kan ohun tó máa ṣe, mo ti dé, mo ti yanjú ẹ̀. Á ní, "Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé sà." Inú mi á dùn. Mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò máa dé, a ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láti fi múra sílẹ̀ dè é. Alábẹ̀wò jókòó sẹ́yìn, èmi náà dúró sẹ́yìn rẹ̀, lára ògiri. Bọ́lá bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, alábẹ̀wò ní, "Ó dára. Ẹ gbé nóòtù yẹn sílẹ̀. Ọmọ tó wà ní igun yẹn kò bá yín lọ rárá. Ẹ jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe máa mú un wọlé." Bọ́lá gbójú sókè, ó wò mí. Ìbẹ̀rù kún ojú rẹ̀. Ọmọ mi, kí lo rò pé bàbá rẹ ṣe? Mo gbé ọwọ́ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè ọwọ́ sọ ohun tó máa ṣe fún un láti ẹ̀yìn ọkùnrin náà.

Nínú kíláàsì adití o, Àníkẹ́! Ibi tí gbogbo ojú ti ń ṣọ́ ọwọ́. Mo gbàgbé pátápátá. Gbogbo ọmọ yíjú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ka ọwọ́ mi. Ọmọ kékeré kan dìde, ó sì ń ṣàlàyé fún Bọ́lá pẹ̀lú ìtara ohun tí mo sọ, bóyá kò rí i dáadáa. Alábẹ̀wò yípadà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè.

O lè rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín níbí. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí, ṣùgbọ́n ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bọ́lá kò yege. Kò sí àǹfààní ìkejì nígbà náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin táàmù. Lọ́jọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ ṣé sà. Ẹ ò ṣe ibi sí mi. Ẹ kàn ò jẹ́ kí n mọ ohun tí n kò mọ̀ ni." Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó lọ. N kò rí i mọ́ títí di òní.

Nítorí náà, nígbà tí o kó ìwé rẹ wá bá mi ní Sátidé yẹn, Bọ́lá ni mo rí. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ara mi. Bí mo bá kọ ìlà kan, màá kọ gbogbo rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní rárá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo jẹ ọ́ ní àforíjì, n kò sì ní fi àlàyé bò ó. Kíkọ̀ tí mo kọ̀ tọ̀nà. Ẹnu tí mo fi kọ̀ kò dára. Mo dá ọ lóhùn bí ẹni ń dá ayálégbé lóhùn. Ohun tó sì dùn mí jù nìyí: láàárín kí n bá ọ ṣe é àti kí n dákẹ́, ọ̀nà pọ̀ níbẹ̀ tí mo lè gbà. N kò gba ọ̀kankan. Ǹ bá ti jókòó tì ọ́, kí bíírò wà lọ́wọ́ rẹ, kí n máa bi ọ́ léèrè: ọmọ wo lo ní lọ́kàn nígbà tí o kọ ìlà yìí? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ni wàá ṣe? Bí ìyẹn náà bá kọ̀ ńkọ́? Màmá Gíga kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n, òun ló sọ mí di olùkọ́, mo wá fi ìbẹ̀rù ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Ìyókù kò gba ìtàn, jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ń wá sí mi lórí.

Àṣìṣe kan lóòjọ́ ni kí o máa sọ fún olùkọ́ tuntun. Bí o bá rí méje, gbé mẹ́fà pamọ́. Bí èèyàn bá kan ìṣó méje mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pákó á là.

Má bá wọn wí lójú ọmọ, má sì bá wọn wí lójú òbí lẹ́nu géètì. Ojú tí wọ́n bá fi wo olùkọ́ lọ́jọ́ náà ni wọ́n á máa fi wò ó.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bá wọn mú kíláàsì wọn lẹ́yìn ọ̀sán kí wọ́n lè tètè rí ọkọ̀ lọ sí ibi ẹ̀kọ́ wọn. Lọ́jọ́ Ajé, má béèrè nǹkan tó le. Ìwọ náà mọ bí ara ṣe máa ń rí lẹ́yìn Sátidé àti Sọ́ńdè tí a fi jókòó gba ẹ̀kọ́. Èyí ni ìrànlọ́wọ́ tí kò lè ba ẹnikẹ́ni jẹ́.

Orúkọ ọwọ́, àmì tí àwọn adití fi ń pe èèyàn, fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àwọn ni wọ́n ń sọ olùkọ́ lórúkọ, o sì mọ tèmi, ọwọ́ tó ń fi ráńdà bọ́ igi. Olùkọ́ tuntun kan lè lo oṣù mẹ́ta kí wọ́n má tíì sọ ọ́ lórúkọ kankan, á máa wò suu. Má bẹ̀ wọ́n fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́, á mọ̀ pé òun ti wọlé.

Sọ àṣìṣe tìrẹ fún wọn. Ohun tí mo ń kọ sínú lẹ́tà yìí, ǹ bá ti sọ ọ́ fún Bọ́lá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí olùkọ́ tuntun bá rò pé ọ̀gá òun kò ṣubú rí, á máa fi ìṣubú tirẹ̀ pamọ́. Àwọn ọmọ ló sì máa jìyà ohun tí wọ́n bá fi pamọ́.

Kí o sì máa jẹun lọ́sàn-án. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ ìyẹn.

Ó wá ku ohun kan tí ìyá rẹ pàápàá kò mọ̀, ó máa kà á lórí èjìká mi báyìí.

Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò wá dán ọ wò, mo wà ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ lo sọ ọjọ́ náà fún, ó sọ ọ́ fún mi. Mo purọ́ fún un pé mo fẹ́ lọ wo pákó ní Ìtóìkín. Mo wọ ọkọ̀ àárọ̀, mo kọjá Ìtóìkín, n kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Mo sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì yín pé mo wá wo àga tó fẹ́ kán. Ó ní kí n wọlé, Bàbá káfíńtà. Mo dúró sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú fèrèsé rẹ.

O ń fi ìdérí ìgò kọ́ wọn ní ìṣirò. Alábẹ̀wò rẹ, obìnrin onígíláàsì kan, jókòó sẹ́yìn, ó ń kọ̀wé. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ súwẹ́tà nínú ooru gbá abọ́ ìdérí náà, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí pariwo, ọ̀kan di etí mú. Obìnrin náà ń kọ, ń kọ, ń kọ. Ìwọ dúró. Mo rí ojú rẹ, ó rí bí ojú Bọ́lá. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò lábẹ́ igi. Nígbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀.

Mo wá gbọ́ ohùn rẹ. O ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n níbi tí wọ́n wà." O kúnlẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn kúnlẹ̀ tì ọ́. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹni tó di etí mú tẹ̀lé yín. Ọmọ tó gbá abọ́ dànù rákò lọ sábẹ́ àga obìnrin onígíláàsì, ó ní, "Ẹ̀fà!" Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ sókè fún un.

Àníkẹ́, n kò ní irú ọgbọ́n yẹn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Bí mo bá ti wọlé lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti kó àwọn ìdérí náà padà sínú abọ́, ẹ̀kọ́ rẹ ì bá sì ti parí síbẹ̀. Mo gbọ́wọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo padà sí gáréèjì, mo wọ ọkọ̀, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Mo ní ọmọ mi ń kọ́ni. Ó ní, "Ta ló kọ́ òun náà?"

Mo mọ̀ pé bí o ṣe ń ka ibí yìí, inú lè máa bí ọ pé mo wá débẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò wọlé, n kò sì sọ fún ọ láti ọjọ́ náà. O lẹ́tọ̀ọ́. Bínú sí mi dáadáa. Ṣùgbọ́n má jókòó sí Ẹ̀pẹ́ bínú náà. Wálé ní Sátidé, kí o wá bínú níbí.

Bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
Láwàlì.